Ẹ Ka Ìwé Owó-Oṣù Dé Ìsàlẹ̀: Iṣẹ́ Skáàn Iṣan Ẹ̀jẹ̀ ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba

Ẹ̀kọ́ wa lórí ojú ewé okòwò lọ́tẹ̀ yìí dá lórí iṣẹ́ oṣù. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé rírà àti ilé-iṣẹ́ tí èèyàn dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń dùn ún gbọ́ jù. Àmọ́ iṣẹ́ oṣù ni púpọ̀ nínú wa fi ń sanwó ilé, òun la fi ń fowó ránṣẹ́ sílé, òun náà sì ni a kì í fara balẹ̀ ṣírò.

Iṣẹ́ tí a mú ṣe àpẹẹrẹ ni ti vascular technologist, èyíinì ni ẹni tí ń fi ẹ̀rọ skáàn wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú iṣan. A mú un fún ìdí méjì. Èkíní, bí ọmọ Yorùbá bá ní iṣẹ́ ìlera ni òun fẹ́ ṣe, etí òbí kì í gbọ́ ju dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn lọ. Èkejì, ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dé ọ̀dọ̀ àwa tí ń ṣírò owó-orí fún àwọn ará ilé: "Ibì kan fẹ́ fún mi ní dọ́là 52 ní wákàtí kan. Ilé ìwòsàn ìjọba ní dọ́là 40 ni àwọn lè san. Ṣé ó tún yẹ kí n rò ó?" Ó yẹ kí ẹ rò ó, kí ẹ sì mú bírò dání.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Ẹ̀rọ skáàn yìí ń rán ìró wọ inú ara, irú èyí tí etí ọmọ ènìyàn kò lè gbọ́. Ìró náà á lu ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn, á sì padà wá. Ìró tí ó bá padà láti ara ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ̀ máa ń yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ariwo ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣe máa ń yí padà nígbà tí ó bá kọjá lára wa. Christian Doppler, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní 1842, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ tí wọ́n ń pe skáàn náà ní Doppler. Kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray, nítorí náà aboyún pàápàá lè ṣe é.

Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń wo iṣan ọrùn, bóyá ọ̀rá ti dí i débi tí ó lè fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ó ń wo iṣan ńlá inú ikùn, bóyá ó ti wú. Ó ń wo ọwọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ máa fọ ẹ̀jẹ̀ fún nítorí kíndìnrín. Ó sì ń wo ẹsẹ̀, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀. Ọ̀nà tí ó ń gbà mọ ti ẹsẹ̀ yìí kò ṣòro láti ṣàlàyé: yóò fi ọwọ́ ẹ̀rọ tẹ iṣan náà. Iṣan tí kò ní àrùn á pẹlẹbẹ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú rẹ̀ kò ní gbà. Irú ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ lè já kúrò, kí ó gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, kí ó sì pa ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bàálù tààrà láti Atlanta lọ sí Èkó, tí ẹ ń jókòó ju wákàtí mẹ́wàá lọ, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tí ó sì ń dùn yín lẹ́yìn ìrìn-àjò, ẹ má kàn fi Robb pa á. Ẹ lọ kí wọ́n wò ó lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n tún máa ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n fi wé ti apá. Bí wọ́n bá fi ti apá pín ti ẹsẹ̀ tí èsì rẹ̀ kò tó 0.90, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ bó ṣe yẹ. Ilé tí ìtọ̀ ṣúgà bá wà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹsẹ̀ tí a kò tètè wò ni wọ́n ń gé.

Dókítà ló ń kọ èsì ìkẹyìn, technologist kọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán tí technologist bá yà ni dókítà ń kà. Ibi tí technologist kò bá gbé ẹ̀rọ dé, dókítà kò lè rí i láé.

Iṣẹ́ yìí ní ìtàn kan ní Georgia níbí tí ó kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Kí ìtọ́jú tó yí padà, nǹkan bí ọmọ 11 nínú 100 tí wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde oríṣi SS ni àrùn rọpárọsẹ̀ máa ń kọlù kí wọ́n tó pé ọmọ ogún ọdún. Dókítà Robert Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Medical College of Georgia ní Augusta bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ Doppler sí ẹ̀bátí orí àwọn ọmọ náà, wọ́n ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú iṣan ọpọlọ. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń sáré tó 200 sẹ̀ntímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ewu wà lórí rẹ̀. Wọ́n pín àwọn ọmọ 130 tí ó wà nínú irú ewu bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà méjì, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn kan lára déédéé, wọ́n sì tọ́jú àwọn yòókù bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà náà dín rọpárọsẹ̀ kù ní ohun tí ó ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé kí ọmọ SS máa ṣe skáàn yìí lọ́dọọdún láti ọmọ ọdún 2 títí di 16. Ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n IkeOluwa Lagunju àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé irú iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tiwa nílé. Ní Atlanta níbí, ibùdó àwọn oní-SS tí Grady dá sílẹ̀ ní 1984 ń gba aláìsàn tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ SS, bí ẹnikẹ́ni kò bá tí ì sọ̀rọ̀ skáàn orí fún yín, ẹ béèrè.

Ilé ìwòsàn ìjọba wo là ń wí?

Méjì ló wà nítòsí wa. Grady ni èkíní, tí ó ṣí ní 1892. Fulton-DeKalb Hospital Authority ló ni ín, ṣùgbọ́n láti 2008 ẹgbẹ́ kan tí kì í wá èrè ló ń darí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ìlú yìí kò ní gbàgbé pé ní 2007 gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Grady, Robert W. Woodruff Foundation ló ṣèlérí mílíọ̀nù 200 dọ́là ní 2008. Atlanta Medical Center, tí kì í ṣe ti ìjọba, ti ìlẹ̀kùn pa ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2022, Grady ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ibẹ̀ sì gbà lọ.

Ìkejì ni ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì, tí a ń pè ní VA, ní Clairmont Road ní Decatur. Orúkọ Max Cleland ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ Georgia tí ó pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì àti apá kan ní ogun Vietnam, tí ó sì padà wá di olórí ètò àwọn ológun-fẹ̀yìntì fún gbogbo Amẹ́ríkà láti 1977 sí 1981. Àwọn àgbà ọkùnrin tí wọ́n ti mu sìgá rí pọ̀ láàárín àwọn tí VA ń tọ́jú, irú àwọn tí ó yẹ kí wọ́n yẹ iṣan ńlá inú ikùn wọn wò lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 65 sí 75. Iṣẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í tán níbẹ̀.

Ìṣirò tí a ń lò nísàlẹ̀ yìí, ti VA ni, nítorí pé òfin ìjọba àpapọ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á. Grady ní ètò tirẹ̀. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń gbani síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò

Ọ́fíìsì ìjọba tí ń ka iye owó-iṣẹ́ sọ pé ní 2023, àwọn oníṣẹ́ skáàn tó wà láàárín gbùngbùn ń gba ju 80,000 dọ́là lọ lọ́dún jákèjádò Amẹ́ríkà. Nítorí náà dọ́là 40 ní wákàtí kan kò jìnnà sí òótọ́. Wákàtí iṣẹ́ ọdún kan jẹ́ 2,080. Dọ́là 40 lọ́nà 2,080 jẹ́ 83,200 dọ́là.

Ibi tí ó ń san 52 ńkọ́? Ojú ẹsẹ̀ ni èèyàn máa ń sọ pé 108,160. Ẹ dúró ná. Púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá ti àwọn tí ń gbé ẹ̀rọ láti ọ́fíìsì dókítà kan sí òmíràn, 1099 ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ kò bá lọ, ẹ kò gbowó. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi 13 lọ́dún fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ọjọ́ 13 fún àìsàn, àti ọjọ́ àjọ̀dún 11. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 37, wákàtí 296. Bí oní-1099 bá sinmi iye ọjọ́ kan náà, wákàtí 1,784 ló kù fún un, owó rẹ̀ sì di 92,768.

Owó-orí ló kàn. Ti Social Security àti Medicare jẹ́ 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó ní ọ̀gá ń san ìdajì, ọ̀gá ń san ìdajì. Oní-1099 ló ń san méjèèjì. Ìdajì ọ̀gá tí ó bọ́ sí i lọ́rùn yìí jẹ́ nǹkan bí 6,550 dọ́là. Ó ku 86,200 àti díẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ ìjọba, bí òṣìṣẹ́ bá ń fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sínú àpò ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní TSP, ìjọba á fi ìdá 5 tiwọn sí i. Ìyẹn jẹ́ 4,160 dọ́là lọ́dún, owó ọ̀fẹ́. (Ó ń yà wá lẹ́nu bí àwọn ará wa kan ṣe ń fi èyí sílẹ̀ nítorí pé wọ́n fẹ́ kí owó tí wọ́n ń mú lọ sílé pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.) Kí a má bàa ṣègbè, ẹ jẹ́ kí a yọ ohun tí òṣìṣẹ́ tuntun ń san fún owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó jẹ́ 3,660 àti díẹ̀. Èyí tó kù jẹ́ nǹkan bí 83,700.

Ìyàtọ̀ dọ́là 12 ní wákàtí kan ti di 2,500 dọ́là lọ́dún, a kò sì tí ì fẹnu kan inṣọ́ránsì ìlera. Ìjọba àpapọ̀ ń san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fún ilé tí ó ní ọkọ, aya àti ọmọ, ohun tí ìjọba ń san ju 10,000 dọ́là lọ lọ́dún. Oní-1099 ni yóò wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àyàfi bí ọkọ tàbí ìyàwó bá ní i níbi iṣẹ́. Bí ẹnì kejì bá ní i, ọ̀rọ̀ yí padà, oní-52 lè borí fún ìgbà díẹ̀. Akáǹtáǹtì ẹlẹgbẹ́ wa kan sì lè bá wa jiyàn pé oní-1099 lè yọ owó epo ọkọ̀ àti ìdajì owó-orí yẹn kúrò nínú owó tí wọ́n ń bu owó-orí lé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa san owó-orí rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ẹni mélòó nínú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ ìsinmi yẹn náà tó wò lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó ń di 20, lẹ́yìn ọdún 15 ó ń di 26, òṣìṣẹ́ sì lè kó tó 30 jọ wọ ọdún tuntun. Ẹni tí òbí rẹ̀ ti dàgbà nílé mọ iyì ọgbọ̀n ọjọ́ tí a ó sanwó rẹ̀. Òkú ìyá kì í dúró de agency.

Ẹ̀yáwó ilé-ìwé

Láti 2007 ni ètò Public Service Loan Forgiveness ti wà. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún fún ìjọba tàbí ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, tí ó sì san ẹ̀yáwó rẹ̀ ní ìgbà 120 lábẹ́ ètò tí ó bá a mu, ìjọba á dárí ìyókù jì í, wọn kò sì ní gba owó-orí ìjọba àpapọ̀ lórí rẹ̀. VA wọ inú rẹ̀. Irú ẹgbẹ́ tí ń darí Grady náà wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i: ẹni tí ń buwọ́ lu ìwé owó-oṣù yín ni òfin ń wò, kì í ṣe ilé tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Bí agency tí ń wá èrè bá rán yín lọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn ìjọba fún ọdún mẹ́wàá, oṣù kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kò ní kà.

Ohun tí kò rọrùn níbẹ̀

Apá àti èjìká ni iṣẹ́ yìí ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti fi hàn pé mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú oníṣẹ́ skáàn mẹ́wàá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìrora, nítorí pé wọ́n ń na apá sókè, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n sì ń yí ọrùn wo ojú ẹ̀rọ lójoojúmọ́. Kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì àti àga wọn ṣeé gbé sókè-sódò, àti iye aláìsàn tí wọ́n ń fún ẹnì kan lóòjọ́. Oní-1099 tí èjìká rẹ̀ bá bàjẹ́ kì í sábà ní owó ìpalára ẹnu iṣẹ́, àyàfi bí ó bá ti ra inṣọ́ránsì rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ ìjọba náà kì í ṣe orí àpáta. Ní oṣù Kìíní 2025 ìjọba àpapọ̀ dá gbígba òṣìṣẹ́ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé VA yọ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn kúrò nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì, VA dá àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ju 1,000 lọ dúró, àwọn tí wọ́n ṣì wà ní àkókò ìdánwò ẹnu iṣẹ́. Ní oṣù Keje, wọ́n kéde pé àwọn fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù ní nǹkan bí 30,000 kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, nípasẹ̀ àwọn tó ń fẹ̀yìntì àti àwọn tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹ ní lọ́wọ́ sílẹ̀ títí tí lẹ́tà ìkẹyìn á fi tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ sì fi owó oṣù mẹ́ta pamọ́ fún ọdún àkọ́kọ́.

Ọ̀nà ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́

Ìpínlẹ̀ Georgia kò béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ oníṣẹ́ skáàn, àmọ́ ilé ìwòsàn máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí RVT láti ọ̀dọ̀ ARDMS. Ìdánwò méjì ni: ọ̀kan lórí bí ẹ̀rọ àti ìró ṣe ń ṣiṣẹ́, èkejì lórí iṣan ẹ̀jẹ̀, kí ọdún márùn-ún tó là wọ́n láàárín. Ẹni tí ó bá jáde ní ilé-ìwé skáàn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí CAAHEP fọwọ́ sí ló rọrùn fún jù láti jókòó ìdánwò náà. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń gba nǹkan bí ọdún méjì. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé-ìwé kankan, ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé CAAHEP fúnra yín. Ilé-ìwé aládàáni wà tí owó rẹ̀ pọ̀ ju ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ lọ fíìfíì, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì lè mú yín dé yàrá ìdánwò.

Ẹni tí ó ti gba dìgírì ní Nàìjíríà, ì báà jẹ́ rédíógráfì tàbí nǹkan mìíràn, lè gba ọ̀nà míì: dìgírì tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì rí i pé ó bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba, pẹ̀lú oṣù 12 tí ó fi ṣe iṣẹ́ skáàn ní kíkún, tí ó jẹ́ wákàtí 1,680 ó kéré tán. Wákàtí yẹn ni ìṣòro, nítorí kò rọrùn láti rí ẹni tí yóò gbé ẹ̀rọ lé ẹni tí kò tí ì ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ bá wa na ọwọ́ sí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú náà kò ṣeé fò. VA máa ń gba ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣáájú. Oní-green card kò lè wọlé àfi bí wọn kò bá rí ọmọ onílẹ̀ tó tóótun. Grady kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀; àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ni ẹ nílò. Nítorí náà, ẹni tí ó ń retí ìbúra ọmọ onílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní Grady.

Àwọn kan á ní ọjọ́ ti lọ lórí àwọn. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni ọdún 45 tí ó lọ sí ilé-ìwé, tí ó parí, tí ó sì wọ VA ní ọmọ ọdún 48. Bí ó bá fẹ̀yìntì ní 62, ó ti lo ọdún 14. Ìjọba á san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún kọ̀ọ̀kan, lórí owó ọdún mẹ́ta tí ó gbà jù. Lórí 83,200, ìyẹn jẹ́ 11,648 dọ́là lọ́dún títí ọjọ́ ayé rẹ̀, yàtọ̀ sí Social Security àti ohun tó wà nínú TSP. Ẹni tí ó bá wọlé ní 42, tí ó lo ogún ọdún gbáko, ìdá kan àti ẹ̀sún ni tirẹ̀, èyíinì ni 1.1, tí ó jẹ́ 18,304. Bí ẹni náà bá sì ti wà nínú inṣọ́ránsì ìlera ìjọba fún ọdún márùn-ún tí ó ṣáájú ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó lè mú un lọ sílé.